Ríra Ọkọ̀ Ojú Omi Àlòkù: Èrè Rẹ̀ Àti Ẹrù Rẹ̀

  Iṣẹ́ tí a gbé lé wa lọ́wọ́ níhìn-ín ni pé kí a máa bá ìdílé sọ̀rọ̀ nípa owó àti ohun tí a ń fi owó rà. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tókunbọ̀ kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Lóṣù yìí, ọkọ̀ ojú omi àlòkù ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ẹnìkan lè béèrè pé, "Kí ni ti ọkọ̀ ojú omi ní Ijapo Estate, níbi tí ó jẹ́ pé òkè àti àpáta ni ó yí wa ká?" Ìbéèrè náà dára. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1976 tí Àkúrẹ́ ti di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni iṣẹ́ ìjọba ti ń kó àwọn ọmọ Ìlàjẹ, Àpọ́ì àti Arógbò wá sí àárín wa. Wọ́n kọ́lé síhìn-ín, wọ́n bímọ síhìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò kúrò létí omi. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba owó ìfẹ̀yìntì, kì í pẹ́ tí àbúrò kan yóò fi ránṣẹ́ láti Ìgbókòdá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ kan wà níhìn-ín tí wọ́n fẹ́ tà, tòun ti ẹńjìnnì rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rà á, ká fi máa kó èrò." Àwọn mìíràn tí kì í ṣe ọmọ etí omi pàápàá ti ń gbọ́ pé owó wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ dá sí i.

Owó ìfẹ̀yìntì kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Bí a bá fi ra mọ́tò tí kò dára, mọ́tò náà yóò dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, a ó sì fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ láàárín ọ̀sà, kò sí ẹ̀bá ọ̀nà tí yóò dúró sí. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú kúrò níbi ọ̀rọ̀ yìí: iye tí olùtà dá lé ọkọ̀ àlòkù kọ́ ni iye ọkọ̀ náà. Iye rẹ̀ gan-an ni owó tí a san fún olùtà, pẹ̀lú owó tí yóò mú kí ó lè gbé ènìyàn láìséwu, pẹ̀lú ojú tí yóò máa ṣọ́ ọ lójoojúmọ́. Ẹni tí ó bá ka àkọ́kọ́ tí ó gbàgbé méjì yòókù, òun ni ó máa ń padà wá sọ pé àyànmọ́ ni.

ÈRÈ TÍ Ó WÀ NÍNÚ ÀLÒKÙ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun rere, nítorí pé ohun rere wà níbẹ̀.

Èkíní, owó rẹ̀ kò tó ti tuntun. Ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á ni ó ti ru èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí ó máa ń já lórí nǹkan tuntun. Bí a bá rà á ní iye tí ó tọ́, tí a sì tọ́jú rẹ̀, tí a wá fẹ́ tà á lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ohun tí a ó pàdánù kò ní pọ̀ tó ti ẹni àkọ́kọ́.

Èkejì, ọkọ̀ tí a ti lò ti fi ìwà rẹ̀ hàn. Ọkọ̀ tuntun lè tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè máa gba omi láti iwájú, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ títí a ó fi gbé e sínú omi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó ti ná Ìgbókòdá sí Ayétòrò fún ọdún mẹ́rin, gbogbo ẹni tí ó wà ní èbúté ni ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ̀ bóyá ó yára, wọ́n mọ̀ bóyá ó máa ń yọnu nígbà ìjì. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ béèrè yóò gbọ́.

Ẹ̀kẹta, a kì í dúró de káfíńtà. Kíkan ọkọ̀ tuntun gba àkókò: igi yóò gbẹ, owó pákó yóò lọ sókè kí iṣẹ́ tó parí, káfíńtà yóò gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ tiwa. Àlòkù wà nílẹ̀, a sì lè fi ọwọ́ kàn án lónìí.

Ẹ̀kẹrin, ó sábà máa ń wá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀: ìdákọ̀ró, okùn, àjẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo, bóyá àwọn ìbòrí oòrùn. Ẹni tí kò tíì ra nǹkan wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan kò lè mọ iye tí wọ́n ń kó jọ.

Ẹrù TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN RẸ̀

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà sọ pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ wo ìhà kejì.

Ohun tí ó ń pa ọkọ̀ kì í sábà hàn lójú. Mọ́tò tí ara rẹ̀ ti dípẹtà yóò fi í hàn ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ojú omi lè jẹrà nínú kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa dán. Ọ̀dà kò wọ́n púpọ̀, àwọn olùtà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bákan náà, iyọ̀ inú omi kì í sinmi. Láti Ìgbókòdá sísàlẹ̀ títí dé etí òkun ni omi iyọ̀ ti ń pàdé omi aláìníyọ̀, irin tí ó bá sì wà níbẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, yálà ọkọ̀ ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ tí a so mọ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kò sinmi rárá. Ó ń gbó lọ ni.

Ẹ̀wẹ̀, epo. Títí di ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróò kan kò tó ₦200 níye tí ìjọba fọwọ́ sí. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ó kọjá ₦480. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹńjìnnì àtijọ́ tí ń mu epo ju bí ó ti yẹ lọ kì í ṣe ẹ̀bùn mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tà á lówó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó fi ẹgbàá kún owó rẹ̀ tí ó ra ẹńjìnnì tí ara rẹ̀ le lè jẹ́ ẹni tí ó jèrè jù.

Níkẹyìn, olè. Gbogbo ẹni tí ń gbé etí omi wa ni ó mọ̀ pé ẹńjìnnì ni àwọn olè orí omi máa ń kọ́kọ́ tú. Èyí túmọ̀ sí nǹkan méjì fún ẹni tí ó fẹ́ ra àlòkù: wọ́n lè jí tirẹ̀ lọ́la, èyí tí wọ́n sì ń tà fún un lónìí lè jẹ́ èyí tí wọ́n jí gbé lánàá.

BÍ A TI Í WO ARA ỌKỌ̀

Oríṣi méjì ni ó pọ̀ jù lójú omi wa: ọkọ̀ onípákó àti ọkọ̀ fáíbà.

Bí ó bá jẹ́ ti pákó, ẹ má ṣe wò ó nígbà tí ó wà nínú omi. Ẹ ní kí wọ́n fà á sí orí ilẹ̀, kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan ó kéré tán. Ẹ mú ọ̀bẹ tí orí rẹ̀ mú, kí ẹ máa fi tẹ ìdí ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá níbi tí pákó ti pàdé pákó àti ní ìsàlẹ̀ àwọn pákó tí èrò ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Igi tí ara rẹ̀ yá kò ní jẹ́ kí ọ̀bẹ wọlé. Igi tí ó ti jẹrà yóò gba ọ̀bẹ bí iṣu sísè. Ẹ tún wá àwọn ihò kéékèèké tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Kòkòrò kan wà nínú omi iyọ̀ tí ó máa ń wọ inú igi láti kékeré, tí yóò sì máa jẹun tí yóò máa dàgbà nínú rẹ̀. Ihò tí ó gbà wọlé kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n nínú pákó náà yóò ti dà bí afárá oyin. Bí ẹ bá rí ọ̀dà tí kò tíì pé oṣù kan lórí ọkọ̀ tí ó ti gbó, ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi kùn ún kí wọ́n tó tà á.

Bí ó bá jẹ́ fáíbà, kòkòrò kò ní í jẹ ẹ́, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fáíbà nìkan ni ó wà nínú fáíbà. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí a ń gbé ẹńjìnnì kọ́, pákó ni ó sábà máa ń wà láàárín fáíbà méjì. Bí omi bá gba ojú ihò ìdè ẹńjìnnì wọlé, pákó yìí yóò máa jẹrà níbi tí ojú kò lè tó. Ẹ mú owó onírin tàbí ìdí ọ̀bẹ, kí ẹ máa fi kan ara ọkọ̀ náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa tẹ́tí. Ibi tí ó le yóò dún ketekete. Ibi tí ó ti jẹrà yóò dún bí ìgbà tí a ń lu ìwé páálí tútù. Lẹ́yìn èyí, ẹ di ìsàlẹ̀ ẹńjìnnì mú, kí ẹ gbé e sókè sódò pẹ̀lú agbára. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń mì pẹ̀lú rẹ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹńjìnnì tí ó bá já bọ́ láàárín ọ̀sà kì í bọ́ nìkan. Ó máa ń fa ẹ̀yìn ọkọ̀ ya.

Ẹ tún wo ìlà tí omi ń dé lára ọkọ̀ náà. Bí ó bá ń rì jù bí ìlà àtijọ́ ti fi hàn, omi ti wọ inú ara rẹ̀ lọ, ẹrù tí kò ṣeé sọ̀ ni ó sì ń rù káàkiri.

BÍ A TI Í WO ẸŃJÌNNÌ

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe ti olùtà. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi ọwọ́ kan orí ẹńjìnnì náà. Bí ó bá gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé. Ẹ jókòó, ẹ bá wọn ṣeré, títí yóò fi tutù. Ẹńjìnnì tí kò dára lè tan dáadáa bí ó bá ti gbóná. Ìgbà tí ó tutù ni àṣírí rẹ̀ máa ń tú.

Bí ó bá ti tan, omi gbọ́dọ̀ máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ìtọ̀ ọmọdé, láìdáwọ́ dúró. Omi yìí ni ó ń fi hàn pé ẹńjìnnì ń fa omi láti fi tu ara rẹ̀ lójú. Bí kò bá jáde, tàbí tí ó ń jáde kán-ń-kán, ẹńjìnnì náà yóò jóná. Ní agbègbè wa, koríko tí ń léfòó lójú omi, èyí tí ó wọ orílẹ̀-èdè yìí láti ìhà Bàdágìrì ní ọdún 1984, máa ń dí ojú ibi tí omi ń gbà wọlé, nítorí náà ó yẹ kí a mọ̀ bóyá ohun tí ó dí i kéré tàbí ó ti ba nǹkan inú jẹ́.

Ẹ ní kí mẹkáníìkì tú ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹńjìnnì díẹ̀ sínú agolo. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ jọ ọ́ìlì. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti ń wọ ibẹ̀. Kí ó tún wọn agbára tí ń bẹ nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe iye nọ́ńbà náà nìkan ni ó ṣe pàtàkì, bí kò ṣe pé kí wọ́n súnmọ́ ara wọn. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ gan-an sí èkejì, ẹńjìnnì náà ti fẹ́ máa béèrè owó.

Ẹ bi ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà bí ó ṣe ń po epo. Púpọ̀ nínú àwọn ẹńjìnnì tí ń lo epo tí a po ọ́ìlì mọ́ ni ó ń fẹ́ lítà ọ́ìlì 1 sí lítà bẹntiróò 50, ìyẹn ni ààbọ̀ lítà nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Bí awakọ̀ bá sọ pé ojú ni òun fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ ti mọ irú ìgbé ayé tí ẹńjìnnì náà ti gbé.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ gbé e lọ sójú omi. Ẹ má ṣe ra ọkọ̀ tí ẹ kò tíì gùn. Ẹ lè fi ọ̀wọ̀ sọ fún olùtà pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e dé ọ̀hún ká padà. Epo rẹ̀ wà lọ́rùn mi." Olùtà tí ọjà rẹ̀ dára kò ní bínú sí èyí. Ní ìlú òyìnbó, kò sí ọlọ́gbọ́n tí ń san owó ọkọ̀ tán kí ó tó gbé e sójú omi, kí ó sì tó san owó fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àyẹ̀wò ọkọ̀ láti wá wò ó. Káfíńtà àgbà kan tí ó ti kan ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ṣe iṣẹ́ yìí fún wa. Etí omi Ìlàjẹ kò ṣe aláìní irú wọn. Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní ọdún 1947 gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́, ọkọ̀ kíkàn sì wà lára rẹ̀. Owó tí a bá fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìnáwó àpà.

ÌWÉ ÀTI ẸLẸ́RÌÍ

Nọ́ńbà kan wà lára ẹńjìnnì. Ẹ wá a. Bí wọ́n bá ti ha á dànù, ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé, kódà bí àbúrò yín bá ń bẹ̀ yín. Bí ó bá wà, kí ó bá èyí tí ó wà nínú rìsíìtì mu. Ẹ kọ ìwé àdéhùn: orúkọ olùtà àti ti olùrà, nọ́ńbà ẹńjìnnì, gígùn ọkọ̀, àwọn ohun tí ó bá a wá, iye owó, àti ẹlẹ́rìí méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan. Kí ọ̀kan nínú ẹlẹ́rìí náà jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ ní èbúté. Ọkọ̀ lè jẹ́ ti ẹbí, kí ẹnìkan ṣoṣo sì máa tà á. Ó tún lè wà ní ìdógò lọ́dọ̀ ẹni tí ó yá wọn lówó.

Àjọ tí ń bójú tó ojú omi inú orílẹ̀-èdè yìí, NIWA, ni òfin ọdún 1997 gbé kalẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọkọ̀ kó èrò yóò ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí yóò bá ṣiṣẹ́ ní Èkó yóò tún bá LASWA, àjọ ti ìpínlẹ̀ náà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, pàdé. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2023 kò gba kí ọkọ̀ èrò máa rìn lóru, ó sì fi dandan lé e pé kí èrò kọ̀ọ̀kan wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn aṣọ tí ń mú ènìyàn léfòó.

Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe ka èyí sí ìyọlẹ́nu ìjọba. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ní agbègbè Pàtígì ní Ìpínlẹ̀ Kúwárà, ọkọ̀ onípákó kan tí ó kó èrò jù ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó lóru. Ó dànù. Àwọn tí ó kú lé ní 100, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹbí àti aládùúgbò kan náà. Kí ẹ tó dúnàádúrà, ẹ ka iye èrò tí ọkọ̀ náà lè gbé, kí ẹ sì ṣírò iye láìfù-jákẹ́ẹ̀tì tí yóò tó wọn, pẹ̀lú ti ọmọdé. Owó ọkọ̀ ni owó náà. Bí kò bá sí owó fún un, a jẹ́ pé owó ọkọ̀ náà kò tíì pé nìyẹn.

ẸNI TÍ Ó NÍ ỌKỌ̀ LÓKÈÈRÈ

A dé ibi tí ó kan ará Ijapo Estate jù lọ. Láti Àkúrẹ́, a ó gba Oǹdó, a ó gba Òrè, a ó gba Òkìtìpupa kí a tó dé Ìgbókòdá. Kì í ṣe ìrìn tí ènìyàn lè rìn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún. Ta ni yóò wá máa fi omi aláìníyọ̀ fọ ẹńjìnnì lẹ́yìn iṣẹ́? Ta ni yóò máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀ láti òru mọ́jú? Ta ni yóò sọ fún awakọ̀ pé, "Rárá, èrò ti pé, má gbé ẹnìkan mọ́"?

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó jẹ́ ti àwọn tí ń gbé ìlú ńlá ni ó bàjẹ́ láìsí ìjì, láìsí olè. Àìsí ojú olówó nìkan ni ó pa wọ́n. Awakọ̀ tí kò ní ìpín nínú ọkọ̀ yóò máa lò ó bí ẹni ń lo ohun tí a yá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí pẹ́ fi máa ń jẹ́ kí awakọ̀ ní ìpín tirẹ̀: yálà kí ó máa san ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀, tàbí kí ó ní ìpín nínú èrè lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó àtúnṣe. Kí a kọ èyí sílẹ̀ pẹ̀lú, àní bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹni. Owó ti ba àárín ọmọ ìyá jẹ́ níbi tí ìwé ì bá ti tún un ṣe.

Ẹ tún béèrè ibi tí ọkọ̀ yóò máa sùn. Òkun ti gba ilé àti ilẹ̀ púpọ̀ ní Ayétòrò àti àwọn ìlú tí ó súnmọ́ ọn, ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn lè ti di àárín omi lónìí.

ỌKỌ̀ ÌGBÒKUN ŃKỌ́?

Láti ìgbà tí epo ti wọ́n, àwọn kan ti ń béèrè nípa ìgbòkun, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni afẹ́fẹ́. Kì í ṣe ohun tuntun. Kí ẹńjìnnì tó dé, àjẹ̀, ọ̀pá àti ìgbòkun ni wọ́n fi ń rin etí òkun wa. Ní Ganvié, ìlú tí ó wà lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn apẹja ṣì ń ta aṣọ lẹ́ẹ̀pẹ́ sókè tí afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ. Ní Èkó, ẹgbẹ́ àwọn tí ń fi ọkọ̀ ìgbòkun ṣeré ìdárayá, Lagos Yacht Club, ti wà láti ọdún 1932.

Fún apẹja tí kò kánjú, ìgbòkun lè dín owó epo kù gidigidi. Fún ọkọ̀ èrò, kò rọrùn, nítorí pé afẹ́fẹ́ kì í tẹ̀lé aago, èrò ọjà sì ń tẹ̀lé e.

Àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń rí àwọn ọkọ̀ ìgbòkun kéékèèké tí ó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú, tí ọjọ́ orí wọn ti tó ogójì ọdún, tí wọ́n ń tà ní iye tí kò tó ti mọ́tò. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi tirẹ̀ tọrọ. Kí ló dé? Kì í ṣe pé gbogbo wọn ti bàjẹ́. Owó ibi tí wọ́n ń so ó mọ́ lọ́dọọdún, owó aṣọ ìgbòkun tuntun, owó okùn, owó fífà á sókè láti kun ìdí rẹ̀, ni ó ti borí iye ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó ní irú rẹ̀ máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọjọ́ méjì ni inú ẹni tí ó ní ọkọ̀ máa ń dùn jù: ọjọ́ tí ó rà á àti ọjọ́ tí ó tà á. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni, yálà ní Ìgbókòdá tàbí ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ tí ó rọrùn láti rà lè jẹ́ èyí tí ó nira jù láti ní.

BÍ A Ó TI PÍN OWÓ NÁÀ

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí tọkọtaya jókòó pọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí èbúté. Kí wọ́n kọ́kọ́ ya owó oúnjẹ ọdún kan, owó ilé ìwé àti owó oògùn sọ́tọ̀; ìyẹn kò sí lára owó ọkọ̀ rárá. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá. Kí wọ́n má fi ju mẹ́fà lọ ra ọkọ̀ àti ẹńjìnnì. Kí méjì jẹ́ ti àtúnṣe àkọ́kọ́ àti láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Kí méjì tí ó kù wà nílé ìfowópamọ́ de ọjọ́ tí ẹńjìnnì yóò dákẹ́, nítorí pé yóò dákẹ́.

Bí mẹ́fà yẹn kò bá lè ra ọkọ̀ tí ó dára, kí wọ́n má ṣe fa owó mìíràn kún un. Kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò bá wọn pín in, tàbí kí wọ́n ra ẹńjìnnì nìkan kí wọ́n sì háyà rẹ̀ fún ẹni tí ó ti ní ọkọ̀, tàbí kí wọ́n dúró.

Ẹ rà á bí nǹkan mẹ́ta bá pé: ara ọkọ̀ le, ìwé rẹ̀ mọ́, ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ sì wà létí omi tí ẹ lè fi ẹ̀yìn tì. Ẹńjìnnì ni ó gbẹ̀yìn, nítorí pé a lè pààrọ̀ ẹńjìnnì lórí ọkọ̀ tí ó dára. A kò lè fi ẹńjìnnì tuntun tún ọkọ̀ tí ó ti jẹrà ṣe. Ẹ fi í sílẹ̀ bí olùtà bá ń kán yín lójú, bí kò bá jẹ́ kí ẹ fà á sí ilẹ̀, tàbí bí ó bá ń sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san owó ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà san án. Ọkọ̀ mìíràn yóò tún jáde fún títà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà Ìgbókòdá, àwọn obìnrin máa ń wọ ọkọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n wọn láìwo ìdí ọkọ̀ náà. Wọn kò mọ olówó rẹ̀. Wọ́n gbà pé ẹnìkan ti bá wọn wò ó. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ yìí, ẹ̀yin ni ẹni náà.

Títí di oṣù tí ń bọ̀, ó dàbọ̀ o.